Kọ̀ǹpútà ilé kọ̀ láti gba LibreOffice: àṣìṣe 1335, lẹ́yìn náà 1603

Ìbéèrè
Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Òṣogbo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ní ìṣòro kan pẹ̀lú kọ̀ǹpútà ilé mi, mo sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ tán pátápátá kí ẹni tó bá máa dáhùn má baà máa méfò. Olùkọ́ èdè Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Àwọn àkọsílẹ̀ tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ girama láyé ọjọ́ sí ni mo fẹ́ tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà báyìí, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé, kí wọ́n má baà ṣègbé sínú ìwé tí ikán ti ń bá jẹ. Wọ́n ní kí n lo LibreOffice nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, àti pé kò dìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà kí ènìyàn tó lè kọ̀wé nínú rẹ̀.

Tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà náà, irú èyí tí a ń gbé kalẹ̀ sórí tábìlì. Ilé iṣẹ́ kan ló ti lò ó kí ó tó dé ọwọ́ mi. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, 64-bit, pẹ̀lú RAM 4 GB, ààyè tó ṣẹ́ kù lórí díìsìkì C: sì lé ní 20 GB.

Hotspot fóònù mi ni mo fi gba fáìlì àkọ́kọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí fi yọ lójú kọ̀ǹpútà:

Error 1335. The cabinet file 'libreoffice1.cab' required for this installation is corrupt and cannot be used.

Ọmọ àdúgbò wa kan wá fi fláàṣì gbé fáìlì mìíràn wá fún mi. Èyí kò mẹ́nu ba cab rárá. Ìlà tó ń fi bí iṣẹ́ ṣe ń lọ hàn rìn títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn, tí ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ náà dá dúró kí ó tó parí. Ọmọ náà ṣí Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ sí, fún mi, nọ́ńbà tí a bá níbẹ̀ ni 1603.

Ìmọ̀ràn àwọn tí mo ti bi léèrè kò ṣọ̀kan. Ẹnìkan ní kí n fọ́máàtì gbogbo ẹ̀rọ náà. Òmíràn ní kí n pa ìdènà fáírọ́ọ̀sì, kí òun bá mi fi Microsoft Office ayédèrú sí i. Mi ò fẹ́ ti ẹnìkejì yìí rárá, nítorí olè ni. Ti àkọ́kọ́ sì ń bà mí lẹ́rù, torí àwọn fọ́tò ọkọ mi olóògbé wà lórí ẹ̀rọ náà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé kí ni nọ́ńbà méjèèjì yìí ń sọ, ṣé ohun kan náà ló fà wọ́n, ṣé ó sì di dandan kí n fọ́máàtì?


Ìdáhùn
Ará Ìbàdàn

Ẹ kú wàhálà, mà. Èmi rò pé Windows 10 fúnra rẹ̀ ni. Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn áàpù tuntun ti máa kọ̀ ọ́. Bí agbára bá wà, ẹ wá ẹ̀rọ tó lè gba Windows 11.


Ìdáhùn
Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́máàtì ohunkóhun. Iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe ni mò ń jẹ, ó sì máa ń dùn mí gan-an bí mo bá rí i pé wọ́n fi fọ́máàtì wo gbogbo àìsàn, tí fọ́tò àti ìwé àwọn ènìyàn fi ń ṣègbé nítorí ohun tí kíka ìlà díẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ kan ìbá ti yanjú.

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ará Ìbàdàn dá nípa Windows 10 tọ̀nà, ó sì yẹ kí ẹ máa rò ó sí ọjọ́ iwájú nítorí ọ̀rọ̀ ààbò. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló fa èyí. Windows 7 àti 8 ni LibreOffice ẹ̀yà 25.8, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2025, kò gbà mọ́. Windows 10 ṣì wà lára àwọn tó ń gbà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yà Windows ni kò bá a mu, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni yóò ti kọ̀, kò ní jẹ́ kí ìlà náà rìn débi kankan. Bákan náà ni ó rí bí ó bá jẹ́ fáìlì 64-bit ni ẹ fẹ́ fi sórí Windows 32-bit: nọ́ńbà 1633 ni ẹ̀ bá rí, tó ń sọ pé irú processor yìí kò gba fáìlì náà.

Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ sí yín, mà, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀. Ti 1335, inú fáìlì ló wà, kò sí lára kọ̀ǹpútà yín. Fáìlì LibreOffice fún Windows jẹ́ .msi kan ṣoṣo tó tóbi ju 300 MB lọ, inú rẹ̀ ni wọ́n di gbogbo ohun tí áàpù náà nílò sí, àpò tí wọ́n sì dì wọ́n sí ni ó ń pè ní libreoffice1.cab. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lẹ́nu gbígbà sílẹ̀, tí apá kan kò dé tàbí tí ó dé ní díbàjẹ́, orúkọ fáìlì àti àwòrán rẹ̀ lè dá yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú rẹ̀: a óò rí i nínú fódà bí ẹni pé ó pé, ṣùgbọ́n nígbà tí Windows bá fẹ́ tú àpò náà ni yóò rí i pé kò pé. Àwọn áàpù kan tí wọ́n ń lo NSIS, irinṣẹ́ mìíràn tí wọ́n fi ń di áàpù, bíi VLC, máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀nà tiwọn, wọ́n á ní "Installer integrity check has failed". Ohun kan náà ni. Kò sí àtúnṣe kankan tí a lè ṣe sí kọ̀ǹpútà tí yóò wo fáìlì tó ti bàjẹ́ sàn. Kí a gba òmíràn ni oògùn rẹ̀.

1603 yàtọ̀ pátápátá. Ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ áàpù kì í fi ara wọn sórí ẹ̀rọ, Windows Installer, tó jẹ́ apá kan Windows, ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ náà fún. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà yìí fi ń jáde lára áàpù tí kò bá ara wọn tan rárá. Ohun tí 1603 ń sọ ni pé nǹkan kan dá iṣẹ́ náà dúró, Windows Installer sì ti kó gbogbo ohun tó ti ṣe kúrò kí ẹ̀rọ lè padà sí bó ṣe wà. Ìyẹn ni ìlà tí ẹ rí tó ń padà sẹ́yìn. Kò sọ ohun tó dá a dúró. Aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ dókítà tó ní "ara mi kò yá", tí kò sì sọ ibi tó ń ro ó, ni 1603. Nítorí náà ni àwọn ìmọ̀ràn tí ẹ ó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa rẹ̀ fi pọ̀ tí wọ́n sì ń takora: fódà tí ẹ̀rọ kò ní àṣẹ láti kọ nǹkan sí lè fà á, díìsìkì tó kún lè fà á, ẹ̀yà àtijọ́ tó kọ̀ láti kúrò lè fà á, áàpù náà tó ṣì ṣí sílẹ̀ lójú ẹ̀rọ náà lè fà á. Ẹni tó bá ń gbìyànjú gbogbo ìmọ̀ràn wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìmọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ lè ba ohun tí kò bàjẹ́ jẹ́.

Ohun tó yẹ ni kí a ní kí Windows Installer kọ gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àwọn fọ́tò yẹn sórí nǹkan mìíràn. Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe kò ní fọwọ́ kàn wọ́n, ṣùgbọ́n fọ́tò tó wà ní ojú kan ṣoṣo, ewu ni ó wà nígbà gbogbo.

Ẹ ṣẹ̀dá fódà kan lórí C: kí ẹ pè é ní idanwo, láìsí àmì kankan, kí ẹ sì fi fáìlì .msi náà sínú rẹ̀. Ẹ di bọ́tìnì Shift mú, kí ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì náà, kí ẹ sì yan "Copy as path". Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ cmd sínú àpótí ìwákiri Windows, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ Command Prompt tó bá yọ, ẹ yan "Run as administrator". Nínú ojú dúdú tó bá ṣí, ẹ kọ msiexec /i pẹ̀lú ààyè kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tẹ Ctrl àti V pọ̀ kí orúkọ fáìlì náà lè bọ́ síbẹ̀, ẹ fi ààyè sí i, kí ẹ sì kọ ìyókù, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi rí báyìí:

msiexec /i "C:\idanwo\orúkọ fáìlì yín.msi" /L*v C:\idanwo\akosile.txt

Ẹ tẹ Enter, ẹ jẹ́ kí ó ṣe títí tí yóò fi tún kùnà. Àkọsílẹ̀ náà yóò gùn gan-an, ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù. Ẹ fi Notepad ṣí i, ẹ tẹ Ctrl àti F, ẹ wá "Return value 3". Ìlà díẹ̀ tó wà lókè ibi àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti yọ ni kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ wá síbí, nítorí ibẹ̀ ni ohun tó dá iṣẹ́ dúró ti sọ orúkọ ara rẹ̀.

Lórí ìdènà fáírọ́ọ̀sì, mo bá yín dúró. Ẹni tó bá ní kí ènìyàn pa ìdènà kí òun tó fi áàpù sí i, kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú áàpù náà tí ìdènà yóò fi bá a jà.


Ìdáhùn
Ọmọ Yorùbá ní London

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ da ọ̀rọ̀ tèmi mọ́ ọn. Mo ra láàpútọ́ọ̀pù tuntun ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, Windows 11 ló wà lórí rẹ̀. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí bàbá bẹ̀rẹ̀ rárá, ohun tó ń sọ ni pé inú Microsoft Store nìkan ni wọ́n ti lè mú áàpù. Ṣé 1603 náà nìyẹn?


Ìdáhùn
Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Rárá, ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe. S mode, ìtò Windows tí kì í gba áàpù tí kò bá ti inú Store wá, ni wọ́n fi ẹ̀rọ náà sí láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà bẹ́ẹ̀. Kí bàbá lọ sí Settings, System, Activation, wọ́n á rí ibi tí a ti lè kúrò nínú S mode, yóò gbé wọn lọ sínú Store láti parí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kúrò, kò sí pípadà sínú rẹ̀, nítorí náà ẹ jíròrò rẹ̀ pẹ̀lú wọn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Àgbàlagbà tí kò fẹ́ ju kí ó ka ìròyìn kí ó sì rí ojú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè wà nínú S mode kí ara sì tù ú, nítorí pé fáìlì burúkú tí ẹnìkan bá fi ránṣẹ́ sí i kò ní rí ọ̀nà ṣiṣẹ́.


Ìdáhùn
Olùtọ́jú Ilé-Ìkàwé

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gbẹ́ni atúnkọ̀ǹpútàṣe ti ṣàlàyé 1603 dáadáa, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún ti 1335, nítorí pé àwa tí à ń ra dátà mọ ohun tó túmọ̀ sí kí fáìlì 300 MB bàjẹ́ kí a tún un gbà.

Mà, ẹ má tíì tẹ fáìlì èyíkéyìí títí ẹ ó fi mọ̀ dájú pé ó pé. Lójú ìwé tí wọ́n ti ń gba LibreOffice sílẹ̀, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ kékeré kan, Info, lábẹ́ bọ́tìnì ńlá náà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn kan tí wọ́n pè ní SHA-256, lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 ni gbogbo rẹ̀. Ìṣirò kan ni wọ́n ṣe lórí fáìlì náà tí wọ́n fi rí i, bó sì jẹ́ pé díẹ̀ bín-ín-tín ló yí padà nínú fáìlì, ìṣirò náà yóò yàtọ̀ pátápátá. Ẹ ṣe irú ìṣirò kan náà lórí ẹ̀rọ tiyín nínú Command Prompt, kí ẹ fi orúkọ fáìlì yín sí ibi tó yẹ:

certutil -hashfile "C:\idanwo\orúkọ fáìlì yín.msi" SHA256

Bí méjèèjì bá jọra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, fáìlì pé. Bí wọn kò bá jọra, ẹ pa á rẹ́.

Fún fáìlì tí ẹ gbà láti orí fláàṣì, ẹ ṣe ìṣirò yìí náà, kódà òun ni ó nílò rẹ̀ jù. Kì í ṣe pé mo fura sí ọmọ àdúgbò yín. Fláàṣì ayédèrú ló kún ọjà, wọ́n á kọ 1 TB sí i lára, kọ̀ǹpútà náà á sì kà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ààyè tó wà nínú rẹ̀ gan-an kò tó nǹkan. Fáìlì tí a bá kó lé ààyè yẹn yóò máa hàn nínú fódà bí ẹni pé ó wà, nígbà tí kò sí ohun gidi nínú rẹ̀. Ohun kejì tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ fáìlì náà, ẹ yan Properties, kí ẹ wo abẹ́ Digital Signatures. Orúkọ The Document Foundation, àjọ tó ń ṣe LibreOffice, ni ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí kò bá sí ìbuwọ́lù rárá, tàbí tí orúkọ mìíràn wà níbẹ̀, ẹ má lò ó, ẹnikẹ́ni tó wù kó fún yín.

Bí ẹ bá ní láti tún un gbà, ẹ má fi bráwúsà gbà á lórí hotspot tó ń já. Láti ọdún 2018 ni Windows 10 ti ní curl, irinṣẹ́ tí a fi ń gba fáìlì sílẹ̀, nínú, kò sí ohun tí ẹ óò ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i. Ẹ ṣe ẹ̀dà líǹkì fáìlì náà láti ojú ìwé LibreOffice, kí ẹ kọ èyí nínú Command Prompt:

curl -L -C - -O "líǹkì náà"

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ẹ tún gbólóhùn yìí gan-an kọ, yóò máa bá a lọ láti ibi tó dé dúró, dátà tí ẹ ti ná kò ní ṣòfò. Ẹni tó bá mọ torrent lò lè lo èyí tí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ Info náà, nítorí pé torrent máa ń yẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan fáìlì wò bó ṣe ń dé, èyí tó bá bàjẹ́ nìkan ni yóò sì tún gbà.

Ẹ tún wo aago kọ̀ǹpútà yín. Ẹ̀rọ orí tábìlì tí a ń yọ kúrò lára iná lóru, bátìrì kékeré CR2032 tó wà nínú rẹ̀ ló ń bá a ka ọjọ́, ó sì máa ń kú bó bá pẹ́. Bí ó bá ti kú, ẹ̀rọ lè tan kí ó máa rò pé ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni a wà, àwọn ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti ṣí nítorí ọjọ́ tí kò bá ìwé ẹ̀rí wọn mu.


Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Òṣogbo

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run yóò máa ràn yín lọ́wọ́. Mo ti ṣe ẹ̀dà àwọn fọ́tò náà. Mo fi certutil yẹ fáìlì méjèèjì wò: èyí tí mo fi hotspot gbà kò bá ti ojú ìwé LibreOffice mu, èyí tí ọmọ àdúgbò gbé wá bá a mu láìsí àṣìṣe kankan, orúkọ The Document Foundation sì wà lára rẹ̀. Aago ẹ̀rọ náà péye. Fáìlì tó pé yìí ni mo wá fi ṣe àkọsílẹ̀, ó sì tún kùnà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó wà lókè "Return value 3" àkọ́kọ́ nìyí:

Error 1714. The older version of LibreOffice 5.4.7.2 cannot be removed. Contact your technical support group. System Error 1612.

Action ended: RemoveExistingProducts. Return value 3.

Ó yà mí lẹ́nu, nítorí pé n kò rí LibreOffice kankan lórí ẹ̀rọ yìí láti ìgbà tí mo ti rà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ Settings, Apps, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo tẹ Uninstall, ó ní òun kò rí fáìlì tí òun fẹ́ fi ṣe é.


Ìdáhùn
Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe yìí mọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń sanwó fún wa kì í ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti yéni wàyí.

Ilé iṣẹ́ tó lo kọ̀ǹpútà náà ṣáájú yín ti fi LibreOffice 5.4 sí i, ẹ̀yà ọdún 2017. Bí Windows Installer bá fi áàpù kan sórí ẹ̀rọ, ó máa ń tọ́jú ẹ̀dà .msi rẹ̀ sínú fódà kan tó fara pamọ́, C:\Windows\Installer, pẹ̀lú orúkọ tí kò jọ nǹkan kan, nítorí pé ẹ̀dà yẹn ni yóò padà kà bí a bá fẹ́ tún áàpù náà ṣe tàbí yọ ọ́ kúrò. Ó dà bíi pé kí wọ́n tó ta ẹ̀rọ náà, ẹnìkan ti gbá díìsìkì mọ́, ó pa fódà LibreOffice rẹ́, ó sì pa àwọn fáìlì inú C:\Windows\Installer rẹ́ pẹ̀lú. Ní báyìí, Windows ṣì ní i lákọsílẹ̀ pé 5.4 wà. Ẹ̀yà tuntun dé, ó ní kí 5.4 kọ́kọ́ kúrò, Windows wá ẹ̀dà tí yóò fi yọ ọ́, kò rí i, èyí ni 1612. Nítorí pé ti àtijọ́ kọ̀ láti kúrò, 1714, tuntun kò lè wọlé, 1603. Nọ́ńbà mẹ́ta ni, ohun kan ṣoṣo ló bí wọn.

Ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ lò ni irinṣẹ́ tí Microsoft fúnra rẹ̀ ṣe fún irú èyí, Program Install and Uninstall troubleshooter. Ojú ìwé ìrànlọ́wọ́ Microsoft nìkan ni kí ẹ ti gbà á, kì í ṣe ibòmíràn, fáìlì rẹ̀ kéré. Bí ó bá ṣí, yóò bi yín bóyá fífi sórí ẹ̀rọ tàbí yíyọ kúrò ni ìṣòro yín: ẹ yan Uninstalling. Yóò to orúkọ àwọn áàpù sílẹ̀, ẹ yan LibreOffice 5.4.7.2, ẹ gbà kí ó yọ ọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pa àkọsílẹ̀ áàpù náà rẹ́ kúrò nínú registry, ibi tí Windows ń kọ ètò rẹ̀ àti ti àwọn áàpù sí, láìbéèrè ẹ̀dà .msi tó sọnù. Lẹ́yìn náà, ẹ wo inú C:\Program Files bóyá fódà LibreOffice 5 ṣì wà níbẹ̀. Bó bá wà, ẹ pa á rẹ́, ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ tún un tàn, kí ẹ tó fi tuntun sí i.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ wá .msi ti 5.4.7 gan-an nínú ibi ìpamọ́ The Document Foundation, níbi tí wọ́n kó gbogbo ẹ̀yà àtijọ́ sí, kí ẹ fi í dá ẹ̀dà tó sọnù padà pẹ̀lú msiexec /fv, kí ẹ wá yọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ó dára, ó sì mọ́, ṣùgbọ́n yóò jẹ dátà, ẹ ò sì gbọdọ̀ yí orúkọ fáìlì náà padà rárá. Bí irinṣẹ́ Microsoft bá ti ṣiṣẹ́, ẹ kò nílò rẹ̀.

Ẹ ṣe iṣẹ́ náà nígbà tí iná bá dúró, tàbí kí UPS wà lábẹ́ ẹ̀rọ. Bí iná bá lọ lẹ́nu ìfisórí-ẹ̀rọ, nígbà tí ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀, Windows lè sọ pé iṣẹ́ kan ṣì wà tó dá dúró lágbedeméjì, yóò sì bi yín bóyá kí òun tú u ká. Ẹ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ jẹ́ kí ó parí, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun.


Ará Ìbàdàn

Mo dúpẹ́ fún àlàyé yìí, ojú mi là sí i. Ẹ jọ̀ọ́, díìsìkì C: tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, fódà Installer tí ẹ dárúkọ yìí sì gba ààyè púpọ̀ níbẹ̀. Ẹnìkan lórí fídíò kan ní kí a kó gbogbo inú rẹ̀ dànù. Ṣé kí n gbàgbé ìmọ̀ràn náà?


Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ṣe fídíò náà kò ní rí ìyà rẹ̀; ẹ̀yin ni ẹ óò rí i, kì í sì í ṣe lọ́jọ́ náà, bí kò ṣe lọ́jọ́ tí áàpù kan bá fẹ́ gba àtúnṣe tí kò ní rí ẹ̀dà rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá wa gan-an nìyẹn. Ẹ lo Disk Cleanup: ẹ kọ cleanmgr sínú àpótí ìwákiri, ẹ yan C:, kí ẹ sì tẹ "Clean up system files". Àwọn fáìlì àtúnṣe Windows tó ti gbó àti fáìlì ìgbà díẹ̀ ni yóò kó dànù, ó mọ èyí tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹ tún wo fódà Downloads yín, nítorí pé lára àwọn oníbàárà mi, ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí ẹrù tó pọ̀ jù.


Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Òṣogbo

Irinṣẹ́ Microsoft yẹn yọ ọ́. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun ti ṣe é, orúkọ 5.4 kò sì sí nínú Apps mọ́. Mo bá fódà LibreOffice 5 nínú Program Files lóòótọ́, kò sí nǹkan gidi nínú rẹ̀, mo pa á rẹ́, mo tún ẹ̀rọ tàn. Mo lo gbólóhùn msiexec kan náà kí n lè ní àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ìlà náà rìn títí ó kún, kò padà sẹ́yìn, ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ àkọsílẹ̀ náà sì ni "Installation success or error status: 0". Writer, apá LibreOffice tí a fi ń kọ̀wé, ti ṣí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Kíbọọ̀dù mi kò ní ẹ tàbí ṣ. Ṣé áàpù mìíràn ni mo tún gbọ́dọ̀ wá fi sí i?


Olùtọ́jú Ilé-Ìkàwé

Mo bá yín yọ̀, mà. Kò sí áàpù tí ẹ óò tún wá. Kíbọọ̀dù Yorùbá ti wà nínú Windows láti ìgbà Windows 7. Ẹ lọ sí Settings, Time & Language, Language, ẹ tẹ "Add a language", kí ẹ wá Yorùbá níbẹ̀. Bí wọ́n bá bi yín bóyá kí ó di èdè ojú Windows, ẹ má yàn án bí ẹ kò bá fẹ́, kíbọọ̀dù nìkan ni ẹ nílò. Lẹ́yìn náà, bọ́tìnì Windows àti Space tí ẹ bá tẹ̀ pọ̀ ni yóò máa gbé yín láti kíbọọ̀dù kan sí èkejì. Lẹ́tà tó ní àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn pọ̀, irú ẹ́ àti ọ̀, kò sí wọn ní ẹyọ kan ṣoṣo nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, lẹ́tà ni a ń tẹ̀ kí a tó gbé àmì ohùn lé e, nítorí náà ẹ lo fọ́ńtì tó mọ̀ ọ́n tò dáadáa. Charis SIL dára, ọ̀fẹ́ ni, òun ni mo fi ń tẹ ìwé ilé-ìkàwé wa.


Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Ẹ kú oríire, mà. Ẹ má pa fáìlì .msi tó pé yẹn rẹ́ o, ẹ má sì yí orúkọ rẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú fódà idanwo, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi tí ẹ ṣe ẹ̀dà àwọn fọ́tò náà sí. Bí ẹnìkan bá tún gbá díìsìkì náà mọ́ lọ́jọ́ kan láìbi yín, ẹ ó ti ní ohun tí Windows yóò béèrè lọ́wọ́.